Fọ́ọ̀mù Méjì Tí Mo Gbé Lọ sí Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Mo ti lé dáadáa ní ẹni ogójì ọdún nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìlú Oǹdó la jókòó sí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń já bọ́tìnnì kúrò lára àwọn ẹ̀wù àtijọ́, ó ń jù wọ́n sínú agolo mílíìkì. Aránṣọ ni. Kò lè rí ẹ̀wù tó ti gbó kí ó dà á nù tòun ti bọ́tìnnì. Ó ń sọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń sọ ohun tó ti parí. Kò mọ̀ pé ìdajì ìtàn ni òun mọ̀, pé ọwọ́ èmi tó jókòó tì í ni ìdajì kejì wà, àti pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e pamọ́.

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ fún ọ, kí o má baà ṣì mí gbọ́.

Ará Tógò ni Màmá fẹ́. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá kọ́ gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Oǹdó, yàrá ẹ̀yìn ní agboolé wa ni wọ́n wọ̀ sí. Nígbà tí gbọ̀ngàn parí, àwọn tó kù lọ, òun kò lọ. Ó ga, kì í kánjú, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń to bíríkì, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, tí ó ń wo ìkejì kó tó gbé e lé e. Gbogbo agboolé ń pè é ní Àna, títí kan àwa ọmọdé tí kì í ṣe àna wa.

Ìgbà kan wá tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ sí ìlú wọn. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí Bàbá àgbà ṣe. Bàbá àgbà ni olórí ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ó jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó wá bá mi níhìn-ín. Ọkọ ọmọ mi ni. Kò ní í lọ ibì kankan." Kò sẹ́ni tó wá. Láti ọdún yẹn, tí òjò bá ti dá, Àna á rẹ́ ara yàrá Bàbá àgbà lọ́tun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ méjì ni òun àti Màmá bí. Ọkùnrin tó jẹ́ àbúrò kò dàgbà. Ibà ló pa á, orí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú sí nígbà tí ìyẹn fúnra rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀gbọ́n náà ni mo ń pè ní Sìsí, nítorí ó fi oṣù mẹ́jọ jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé oṣù mẹ́jọ yẹn.

Ní ìlú tiwa, ọmọ tí obìnrin ilé bí, ọmọ ilé ni. Tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ oko, wọ́n á pín in kàn án. Tí wọ́n bá pa ẹran níbi òkú, wọ́n á gé tirẹ̀ fún un. Tí ìdààmú bá sì dé, wọ́n á pè é kí òun náà wá gbé tirẹ̀ níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí bàbá Sìsí ti wá kí wọ́n tó rán an níṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń béèrè.

"Ọmọ Àgànyìn! Bàbá ẹ ò gbọ́ Yorùbá!"

"Bàbá mi gbọ́ èdè mẹ́ta. Mélòó ni tìẹ gbọ́?"

"Ọmọ Àgànyìn, ìgbà wo lẹ máa lọ?"

"Tí mo bá gba ipò kìíní tán. Ẹ dúró dè mí."

Ó sì ń gbà á. Àna ti kàwé díẹ̀ ní èdè Faransé kí ó tó di bíríkìlà. Kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé wa, ṣùgbọ́n ìṣirò kò ní èdè. Tí ilé kan bá dé ìgbà rírẹ́, á fi èédú kọ ìṣirò sára ògiri, Sìsí á gun pákó, á ṣe é lójú ibẹ̀. Tí ó bá gbà á, Àna á fi símẹ́ńtì bò ó. Tí kò bá gbà á, ògiri náà á dúró. Onílé kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní kí ló dé tí ògiri òun kò tíì parí. Àna ní, "Ó ku ẹyọ kan." Èmi náà máa ń tẹ̀ lé wọn lọ. Èmi ni mo máa ń po símẹ́ńtì. Ipò karùn-ún, ipò keje, ibẹ̀ ni mo máa ń wà ní tèmi.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan le. Bàbá mi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́rin lè kọjá kí owó oṣù kan tó jáde. Gàrí tí a fi ń ṣeré lọ́sàn-án di oúnjẹ alẹ́. Símẹ́ńtì wọ́n débi pé ẹni tó ti kọ́lé dé ojú fèrèsé á fi í sílẹ̀ fún koríko. Àna kò ríṣẹ́ mọ́ àfi ibojì, nítorí pé àwọn èèyàn ṣì ń kú. Á ti itẹ́ òkú dé, á bọ́ bàtà rẹ̀ síta, á sì gbọn símẹ́ńtì kúrò lára rẹ̀.

Nínú kíláàsì wa, àwọn ọmọ àlejò ló kọ́kọ́ ń dín. Ọmọ Ìgbìrà kan wà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko. Àwọn ọmọ Ìsóbò méjì wà tí ìyá wọn ń fọ epo pupa. Ọmọ Ìgbò kan wà tí bàbá rẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọjọ́ Mọ́ńdè kan á dé, àga á ṣófo. Olùkọ́ á pe orúkọ náà lọ́jọ́ kìíní, á pè é lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta á fa ìlà sí i lára. Kò sẹ́ni tó ń lọ wò wọ́n nílé. Àwọn tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ ìlú tí bàbá wọn jẹ́ àlejò máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Sìsí ló pẹ́ jù. Ẹbí wa dì í mú.

Ọdún tí a jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ìjọba gbé ètò kan jáde. Wọ́n fẹ́ yan àwọn ọmọ láti ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́, àwọn kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ìjọba ni yóò san gbogbo rẹ̀, títí kan ibùsùn àti oúnjẹ. Òfin méjì ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni, olórí ẹbí bàbá ọmọ ni yóò sì jẹ́rìí sí i. Èkejì ni pé ọmọ kan ṣoṣo ni wọn yóò mú lọ́wọ́ bàbá kan.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Sìsí fẹ́. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú lórí itan rẹ̀, kò sọ iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu rí. Èsì ìdánwò rẹ̀ ló sì dára jù ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n tí kò bá rí ètò yìí wọ̀, ó tán, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó lè rán an lọ síbì kankan. Òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa mọ̀.

Ìpàdé tí ẹbí ṣe lórí fọ́ọ̀mù Sìsí ni Màmá wá sọ fún mi lọ́jọ́ tó ń já bọ́tìnnì. Èmi kò sí níbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ọmọ jókòó síbẹ̀.

Ó ní bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ibi tí wọ́n ti béèrè bàbá ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ tèmi sí i."

Bàbá àgbà ní, "Kí ló ṣe ẹni tó bí i?"

"Ará Tógò ni, Bàbá. Wọn ò ní gbà á."

"Ọmọ tìẹ náà gba fọ́ọ̀mù. Ọmọ kan lọ́wọ́ bàbá kan, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí tèmi dúró. Èyí ló mọ̀wé jù."

Màmá dá ọ̀bẹ tó fi ń já bọ́tìnnì dúró nígbà tó dé ibẹ̀, ó wò mí. "O ò mọ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Háà. Bàbá rẹ ti tà ọ́ lọ́jọ́ náà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ó ní Àna dìde ní ẹnu ìloro tó jókòó sí. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ tèmi, kí ló ń ṣe? Ẹ yọ ọ́, kí ọmọ lọ."

"Àna, jókòó."

"Mo dúró, Bàbá. Mo ní kí ẹ yọ mí."

"Mo ní kí o jókòó!" Màmá ní òun kò gbọ́ ohùn Bàbá àgbà lókè tó bẹ́ẹ̀ rí. "Kí n mú ọkọ ọmọ mi, tí mo gbé àga síta nítorí rẹ̀, kí n fi bírò pa á? Kí n kọ ọ́ fún ìjọba pé ọmọbìnrin mi bímọ fún àbúrò rẹ̀? Kí la jí gbé? Ṣé a he ọmọ yìí ni? Ọmọ ilé yìí ni, gbogbo Oǹdó mọ̀ ọ́n. Èwo ni ká máa parọ́ kí wọ́n tó lè gba òótọ́ gbọ́?"

Màmá sọ fún mi pé inú òun dùn nígbà náà, pé òun wo ojú ọkọ òun, òun sì rí i pé ẹbí òun kò ṣe é bí ajá. Bàbá àgbà wá ń sọ ọ́ lẹ́nu, bàbá mi ń kọ ọ́: Sìsí jẹ́ ọmọ ilé wa, ìyá rẹ̀ ni ọmọ wa, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tógò, àna wa ni, a sì gbà á. Bàbá àgbà tẹ àtàǹpàkò sí abẹ́ rẹ̀. Ó dá a lójú pé ó tó. Ní Oǹdó, ta ni yóò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò ní kò tó? Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Ó rò pé ibi tí wọ́n ti máa kà á, Oǹdó ni.

Ibi tí Màmá mọ ìtàn dé nìyí. Èyí tó kù, tèmi ni.

Èmi ni wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù méjèèjì láti gbé lọ sí Àkúrẹ́. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń gbé ní Isikan ni mo sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì náà nítorí owó ọkọ̀. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà, ọmọ Àkúrẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè láti inú ìwé ìròyìn tó fi wé e. Ó gba tèmi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Ó mú ti Sìsí.

"Kí rèé? Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá àgbà wa ni, sà. Olórí ẹbí."

"Bàbá àgbà yín fẹ́ràn òótọ́ o." Ó tún un kà, ó ń mi orí. "Ọmọ mi, ulé ìyá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí n wò. Ulé bàbá rẹ̀ ni."

"Ní Oǹdó, sà, ọmọ tí obìnrin bá bí..."

"Mo mọ Oǹdó. Ará Oǹdó ni ìyàwó mi, kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Àkúrẹ́ lo wà yìí."

Ó ṣí èsì ìdánwò tí a so mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó ṣí ojú ewé kejì. "Àáà. Ọmọ yìí mọ̀wé. Ó mọ̀wé jù ọ́ lọ fíìfíì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù òfìfo kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó gbé bírò lé e. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá tó bí ìwọ, kí ni ọmọbìnrin náà ń pè é?"

"Bàbá ló ń pè é, sà."

"Ó parí. Ibi tí wọ́n bá ti ní bàbá, kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi kò béèrè ta ló bí i. Ibi ti ìyá, fi í sílẹ̀ fún mi. Àtàǹpàkò tó wà lórí tìẹ tó, ilé kan náà lẹ ti wá, sítáǹpù sì wà lọ́wọ́ mi. Mò ń lọ mumi."

Ó jáde. Ó fi ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé òfin ètò náà wà lára ògiri lókè orí àga rẹ̀. Mo gbójú sókè, ojú mi sì bọ́ sórí òfin kejì. Ọmọ kan lọ́wọ́ bàbá kan. Bí mo bá kọ orúkọ bàbá mi sínú fọ́ọ̀mù Sìsí, ọmọ bàbá kan náà la dà lójú wọn. Wọ́n á fi èsì méjèèjì wéra wọn. Mo mọ èyí tí wọ́n máa mú.

Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé mo rò ó pẹ́, pé mo jìjàkadì pẹ̀lú ọkàn mi. Irọ́ ni. Àkókò tí mo lò kò tó èyí tí èèyàn fi ń bó ẹ̀pà mẹ́ta. Mo ká fọ́ọ̀mù òfìfo náà sí mẹ́rin, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò mi. Mo tún bírò rẹ̀ gbé sí ibi tó wà.

Akọ̀wé padà dé, ó ń nu ẹnu. "O ti kọ ọ́ tán?"

Mo ní, "Bàbá àgbà ní a kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà, sà. Wọ́n ní òótọ́ ni ká sọ."

Ó wo orí tábìlì, ó wo àpò mi. Ó jókòó wẹ́rẹ́.

"Òótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Méjìdínlógún, sà."

"Ó dáa. O ó dàgbà."

Ó fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ kan lórí fọ́ọ̀mù Sìsí, ó jù ú sórí òkìtì ìwé tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi tèmi sínú fáìlì. Ó padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Mo ju fọ́ọ̀mù òfìfo yẹn sí gọ́tà kan ní ọ̀nà Isikan, mo dúró títí omi fi gbé e lọ.

Sìsí ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ní Oǹdó. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

"Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní o mọ̀wé jù mí lọ."

Ó gbá mi lẹ́yìn. "Ìyẹn nìkan lo gbọ́ tó jẹ́ òótọ́ láti ìgbà tí o ti dáyé!" Ó gba àpò mi lọ́wọ́ mi, òun ló gbé e délé.

Nígbà tí orúkọ jáde, tèmi wà níbẹ̀, tirẹ̀ kò sí. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún gòkè lọ, ó fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "O kú oríire, àbúrò mi," ó sì lọ fọ abọ́.

Bàbá àgbà wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó gba Àkúrẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló lò. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ àlejò ni ọmọ náà. Ó padà dé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Àna sínú yàrá rẹ̀. Ohun tó bá a sọ, Màmá kò mọ̀. Ó gbọ́ ẹkún, kò sì lè mọ ẹni tó ń sun ún nínú àwọn méjèèjì. Bàbá àgbà kò pe ìpàdé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀.

Àna ló rẹ́ ibojì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Màmá pé òun ń lọ sí Lomé, pé òun á lọ wá ìwé tó lè fi hàn wọ́n. Màmá béèrè pé ìwé wo. Kò mọ irú ìwé tí í ṣe. Ó kàn ní, "Bóyá tí mi ò bá sí níbí, wọ́n á rí i pé ọmọ yín ni." Ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ń bọ̀. Lẹ́tà kan dé lọ́wọ́ rẹ̀, èdè Faransé ni. Sìsí, tó ti kọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló kà á fún ìyá rẹ̀. Ó ní bàbá òun ní ara òun le, òun ń bọ̀. Màmá sọ fún mi pé òun kò gbà pé ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyẹn. Lẹ́tà kejì kò wá. Àna náà kò wá.

Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀gbìn. Mo di òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Àkúrẹ́, mo sì kọ́lé kékeré sí ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń buwọ́ lu ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, èmi kọ́ ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ń wá láti Ìta-Ògbólú, láti inú oko, láti àárín ìlú. Ọmọ Ìgbìrà, ọmọ Ìgedé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Àkúrẹ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Bẹ̀nẹ̀. Mo máa ń mọ àwọn tí wọ́n ti kọ orúkọ onílé wọn sí ibi bàbá wọn. Ojú wọn kì í kúrò lára bírò mi. N kì í bi wọ́n ní nǹkan kan, mo ń lu sítáǹpù ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá sọ òótọ́, tí wọ́n kọ ọ́ kedere pé ibi báyìí ni bàbá mi ti wá, àwọn yẹn máa ń kọjá sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, èmi kò sì láṣẹ lórí wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í padà wá.

Sìsí gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àdáni kékeré kan ní Oǹdó. Dókítà tó ni ibẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, bí wọ́n ṣe ń wẹ ojú egbò. Kò ní sátífíkéètì, nítorí náà owó ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń san fún un. Àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa ń wá síbẹ̀. Á mú wọn lọ́wọ́, á fi ibi tí iṣan wà hàn wọ́n, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní "mà". Nígbà tí aláboyún kan kú níbẹ̀, tí àwọn aláṣẹ wá béèrè ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun tí kò níwèé ni wọ́n nàka sí. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo lọ ṣe onídùúró fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí mo fi ní kó dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, ilé ìwòsàn kankan kò gbà á mọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama, ọ̀kadà ló ń gùn.

Màmá kú ní ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn túká, Sìsí àti èmi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ gèlè, irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò sọ rí. Bí mo bá ń ronú sí ọ̀rọ̀ ayé mi, ó máa ń dà bí pé gbogbo ènìyàn ló já mi sílẹ̀. Bàbá mi lọ. Bàbá àgbà ṣe òótọ́ tiwọn. Ìjọba ní mi ò sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé fọ́ọ̀mù mi dé Àkúrẹ́, ó sì fi lé wọn lọ́wọ́. Ìwọ ni. Mo máa ń gbàdúrà fún ọ lórí ìyẹn."

Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ fún un, ẹkún ló jáde. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí, ó fi ọwọ́ nu ojú mi.

Bàbá mi tó fẹ́ fi mí sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ti kú. Akọ̀wé yẹn á ti kú. Màmá tó sọ ìdajì rẹ̀ fún mi wà nínú ilẹ̀. Ó ku èmi, ó sì ku òun, ó sì ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Ìwọ tí o jókòó tí ò ń gbọ́ mi yìí, ṣé kí n lọ bá a ní Oǹdó kí n sọ ọ́ fún un, kí n gba ẹnì kan ṣoṣo tó rò pé kò já òun sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àbí kí n jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí a ó fi kú?